Ẹ yí inú báàgì síta kí ẹ tó sanwó

Èrò ọkàn mi lórí báàgì àgbékọ́yìn tí èèyàn fẹ́ fi rìnrìn àjò kò lọ́jú pọ̀ rárá: ibi tí ẹrù ti ń fa báàgì ni kí ẹ wò, kí ẹ fi orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára sílẹ̀. Ibi mẹ́ta ni: ìdí okùn èjìká, síìpù, àti ibi tó ti fara ti ẹ̀yìn yín. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ṣe ń rà á ni pé wọ́n á ka iye àpò kéékèèké tó wà lára rẹ̀, wọ́n á wo ihò tí wáyà ṣájà ń gbà jáde, wọ́n á ná an, wọ́n á sanwó. Kí oṣù tó parí, okùn ti já.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí okùn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń rán báàgì olówó pọ́ọ́kú ti ń jí owó pamọ́. Ẹ ṣí báàgì náà pátápátá, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta níbẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ wo òkè, níbi tí okùn èjìká méjèèjì ti wọnú ara báàgì. Èyí tí wọ́n rán dáadáa, okùn náà á wọlé kọjá ojú rírán tó bíi sẹ̀ǹtímítà 2, ìlà òwú méjì tàbí mẹ́ta á gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n á sì ti fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo etí rẹ̀ kó má baà máa tú. Ẹ ó tún rí ojú kan tí òwú ti ki pọ̀, tí ẹ̀rọ ti lọ, tó ti bọ̀, lójú kan náà. Agbára báàgì wà níbẹ̀. Èyí tí kò dáa, ìlà kan ṣoṣo ni, etí aṣọ ń tú fúlẹ́fúlẹ́, okùn ò sì wọlé ju èékánná ọwọ́ lọ. Bí wọ́n bá di kílò 10 sínú irú báàgì bẹ́ẹ̀, okùn gan-an kọ́ ló máa já. Aṣọ ni yóò ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú, nítorí pé ihò abẹ́rẹ́ ti sún mọ́ etí aṣọ jù.

Ìsàlẹ̀ náà ńkọ́? Okùn pẹlẹbẹ tó ń jáde láti ìsàlẹ̀ báàgì yẹ kó kọ́kọ́ so mọ́ aṣọ kékeré onígun mẹ́ta, kí wọ́n tó wá rán aṣọ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ báàgì. Aṣọ onígun mẹ́ta yẹn ló ń pín ìfà náà káàkiri ojú rírán gígùn. Tí wọ́n bá kàn ki okùn bọ ojú rírán lásán, ojú kékeré kan ló ń gba gbogbo wàhálà. Ṣúmékà tó mọṣẹ́ lè bá yín fi awọ lé e nígbà tó ṣì wà ní tuntun, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Tó bá ti ya kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ó máa rán an lóòótọ́, àmọ́ aṣọ tó yí ibẹ̀ ká ti rọ̀.

Síìpù ní nọ́ńbà, ọ̀pọ̀ oníbàárà ò sì mọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn orí síìpù, ìyẹn irin tí à ń fà yẹn. Wọ́n sábà máa ń tẹ 3, 5, 8 tàbí 10 sí i. Bí eyín síìpù náà ṣe fẹ̀ tó nígbà tó bá pa dé ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, bíi mílímítà mélòó kan. 5 dára fún àpò kéékèèké. Ẹnu báàgì fúnra rẹ̀, 8 tàbí 10 ni mo fọwọ́ sí. YKK, ilé iṣẹ́ Japan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934, ló lórúkọ jù nínú iṣẹ́ síìpù, ṣùgbọ́n ayédèrú rẹ̀ kún ọjà, nítorí náà ẹ má gba lẹ́tà mẹ́ta gbọ́. Ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo fà á lọ fà á bọ̀, pàápàá ní kọ̀rọ̀ ibi tó ti yípo. Tó bá ń há ní kọ̀rọ̀ nígbà tí báàgì ṣófo, kí lẹ rò pé yóò ṣe tó bá kún?

Tí síìpù bá ti ń là lẹ́yìn orí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ ń fà á, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ dànù. Eyín kọ́ ló sábà máa ń kú, orí ni eruku ti jẹ, tí ẹnu rẹ̀ ti fẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú tí àwọn oníná mànàmáná ń lò fún ẹ̀yìn orí náà pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì, kí ẹ máa dán an wò. Ẹ má fún un jù, torí bó bá há tán, ó ti parí nìyẹn.

Ibi tí mo ti máa ń bá àwọn èèyàn jiyàn ni ọ̀rọ̀ ìbàdí. Wọ́n rò pé èjìká ló ń gbé báàgì. Bí ẹrù bá ti kọjá kílò 8 tàbí 9, ìbàdí ló yẹ kó gbé èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó bá ti pọn ọmọ rí mọ ìdí rẹ̀: ibi tí ọ̀já fún sí ló ń gbé ọmọ dúró. Bẹ́líìtì ìbàdí tó wúlò gbọ́dọ̀ ní fóòmù, kó sì jókòó lórí egungun ìbàdí, ìdajì sókè egungun, ìdajì sísàlẹ̀. Okùn pẹlẹbẹ lásán tí wọ́n rán mọ́ ìsàlẹ̀ báàgì kì í gbé ẹrù. Kò jẹ́ kí báàgì máa mì ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ.

Kí bẹ́líìtì tó lè jókòó síbẹ̀, báàgì gbọ́dọ̀ bá gígùn ẹ̀yìn yín mu, gíga èèyàn ò sì ní í ṣe pẹ̀lú èyí. Ẹni gíga wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú. Ẹ tẹ orí ba, egungun kan yóò yọ ní ìdí ọrùn. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, kí àtàǹpàkò kọjú sẹ́yìn. Kí ẹnì kan fi téèpù télọ̀ wọn láti egungun ọrùn yẹn dé àárín àtàǹpàkò méjèèjì. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa bọ́ sáàárín íǹṣì 15 sí 21. Tí ilé iṣẹ́ tó ṣe báàgì bá kọ ìwọ̀n ẹ̀yìn sí i, ẹ lò ó. Àwọn obìnrin, ẹ máa wá èyí tí okùn èjìká rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, kó lè gba ẹ̀gbẹ́ ọmú kọjá láì fún un pa.

Báwo lẹ ṣe máa dán an wò lọ́jà? Àpò píọ̀ wọ́tà kan, tó bá pé ọ̀rá 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, kílò 10 ló wọ̀n. Kò sí òṣùwọ̀n tó rọrùn tó yẹn. Ẹ kó o sínú báàgì, ẹ tú gbogbo okùn sílẹ̀, kí ẹ tó gbé e kọ́. Bẹ́líìtì ìbàdí lẹ máa kọ́kọ́ dì, okùn èjìká ló tẹ̀ lé e, okùn kékeré orí èjìká tó ń fa báàgì mọ́ra, lẹ́yìn náà okùn àyà. Ẹ rìn síwá sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú 15. Bí èjìká bá ń ta yín, tí ìbàdí ò sì mọ nǹkan kan, báàgì yẹn kì í ṣe tiyín. Bí ẹni tó ń tà á bá sì fárígá pé ẹ má di omi sínú báàgì òun, ẹ ti rí ìdáhùn yín gbà.

Ní ti títóbi, lítà 35 sí 40 tó fún ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kútọnu tàbí Accra, tó sì fẹ́ lè gbé báàgì kan náà wọnú bàálù. Báàgì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 55, tó fẹ̀ ní 35, tó nípọn ní 20, lítà 38.5 ni. British Airways ń gba 56 × 45 × 25, kílò 23. Emirates, kílò 7 péré ni wọ́n fún ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì economy. Ẹ wá wò ó: báàgì tó wọn kílò 2 lófìfo ti jẹ 2 nínú 7 kẹ́ ẹ tó ki ṣòkòtò kan sí i. Àwọn ará wa ní London tó ń wọ bàálù olówó kékeré ní Yúróòpù, ìwọ̀n báàgì tó ń wọ abẹ́ àga láì san àfikún owó ni kí ẹ máa wò: easyJet, 45 × 36 × 20, Ryanair, 40 × 30 × 20, èyí tí ò kọjá lítà 24. Ẹ rántí pé àpò iwájú tó bá wú síta wà nínú ìwọ̀n náà.

Báàgì lítà 65, ẹni tó ń gbé àgọ́ àti sítóòfù lọ sùn lórí òkè ló wà fún. Ẹni tó sì fẹ́ kó èlùbọ́, ẹja gbígbẹ àti gààrí lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílùú òyìnbó, kó lọ ra àpótí ẹlẹ́sẹ̀. Mi ò sọ ti irú ẹrù yẹn níbí.

Àpò kọ̀ǹpútà inú báàgì, ẹ ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí ọwọ́ yín bá kan ilẹ̀ báàgì, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀ gbì, kọ̀ǹpútà ló máa gba ìlù. Ó yẹ kí ìsàlẹ̀ àpò náà rọ̀ sókè díẹ̀, kó má kan ilẹ̀ báàgì. Kọ̀ǹpútà àti ohun tó wúwo, ẹ̀yìn yín ni kó sún mọ́, ní agbedeméjì. Bí wọ́n bá wà ní iwájú báàgì lọ́hùn-ún, wọ́n á máa fà yín ṣubú sẹ́yìn.

Okrika ńkọ́? Èmi fara mọ́ okrika ju tuntun ayédèrú lọ, nítorí báàgì tó ti gbé ẹrù ní ọdún mélòó kan, tí ìdí okùn rẹ̀ ṣì le, ti jẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ báàgì ní ohun kan bíi rọ́bà tí wọ́n fi kun inú aṣọ rẹ̀ kí omi má baà gbà á wọlé. Ooru àti ọ̀rinrin ní í máa bà á jẹ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, yálà wọ́n gbé báàgì náà tàbí wọn ò gbé e. Ẹ fi imú gbóòórùn inú rẹ̀: tó bá ń rùn kíkan bí èébì, ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun nu inú rẹ̀. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tàbí tí ìpẹ́pẹ́ ń bọ́, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ni ín, torí kò sí ọṣẹ tó wo irú rẹ̀ sàn, aṣọ yín ni yóò máa bọ́ sí.

Kódà tuntun tó dáa jù lọ, omi á wọ̀ ọ́ láti ojú síìpù àti ihò abẹ́rẹ́. Aṣọ òjò tí wọ́n ń fi bo báàgì, atẹ́gùn lórí ọ̀kadà lè gbé e lọ, òjò tó ń ṣàn láti ọrùn yín sì máa gba ẹ̀yìn wọlé, níbi tí aṣọ òjò ò bò. Ọ̀rá ńlá tó nípọn ni kẹ́ ẹ tẹ́ sínú báàgì, kẹ́ ẹ kó ẹrù sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ wé ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti darí dé, ẹ yọ ọ̀rá yẹn kúrò, ẹ ṣí gbogbo síìpù, kí báàgì gbẹ nínú ibòòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, lẹ́yìn náà ẹ so ó kọ́ sórí ìṣó lára ògiri. Ẹ má ká a sínú ọ̀rá lókè kọ́bọ́ọ̀dù.