Ìròyìn tó dùn mọ́ mi nínú ni mo ń bẹ̀rù jù

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà díẹ̀, mo fẹ́ sọ ọ́ síbí lónìí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí wa. Àwòrán omíyalé ni. Àwọn èèyàn wà lórí òrùlé, omi ti dé fèrèsé, ọkùnrin kan gbé ọmọ lé èjìká. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló ṣẹlẹ̀, pé ìjọba ibẹ̀ gbọ́, wọn kò sì rán ẹnikẹ́ni lọ. Inú bí mi gidigidi. Inú mi kò kúkú dùn sí ìjọba náà tẹ́lẹ̀. N kò ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì tí mo fi tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ló dá mi lóhùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó kọ kò ju èyí lọ: "Ọdún wo nìyí?"

N kò mọ̀. Nígbà tí mo wá ìdí rẹ̀, àwòrán náà ti lé ní ọdún mẹ́fà. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti yà á kì í ṣe èyí tí wọ́n dárúkọ, ọkọ̀ ojú omi sì ti kó àwọn èèyàn orí òrùlé náà lọ síbi ààbò lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán wọn. Ẹnikẹ́ni kò yí àwòrán náà padà o. Àwòrán òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ni irọ́ wà.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń béèrè pé: níbo lórí ayélujára ni èèyàn ti lè rí ìròyìn tó lóye nínú, tí kò sì ṣègbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni? Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gbọ́n. Ta ló ń yan ìròyìn tí mò ń rí? Fún ọdún púpọ̀, èmi kọ́ ni mò ń yàn án. Mo kàn ń ṣí fóònù ni, ìròyìn sì ń wá bá mi.

Ní 2006 ni Facebook bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ẹni jọ sójú kan kí a máa wò ó bó ṣe ń wọlé. Ní 2009 ni wọ́n gbé bọ́tìnì Like wá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, kọ̀ǹpútà wọn ń ṣírò ohun tí a tẹ̀, ohun tí a pẹ́ lórí rẹ̀, ohun tó mú wa bínú débi tí a fi kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń pinnu ohun tí wọn yóò gbé síwájú wa lọ́la. Ìṣirò yẹn kò béèrè bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Ohun tó ń wá ni pé kí a má tètè gbé fóònù sílẹ̀, nítorí pé bí a bá ṣe pẹ́ tó ni wọ́n ṣe máa rí ìpolówó ọjà fi hàn wá tó.

Ní 2018, Soroush Vosoughi, Deb Roy àti Sinan Aral láti yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ Science. Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ bíi 126,000 wò tí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn pín kiri lórí Twitter láàárín 2006 sí 2017. Wọ́n rí i pé ó fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ṣeé ṣe ju òótọ́ lọ kí èèyàn tún irọ́ pín, àti pé bí irọ́ bá lo wákàtí kan kó tó dé ọ̀dọ̀ 1,500 èèyàn, òótọ́ yóò lo bíi mẹ́fà. Ohun tó dùn mí jù nínú ìwádìí yẹn ni pé wọ́n yọ àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣe bí èèyàn kúrò nínú ìṣirò, èsì kò yí padà. Ọwọ́ èèyàn ẹlẹ́ran ara ni irọ́ ń gbà sáré, irú ọwọ́ mi alẹ́ ọjọ́ yẹn. Irọ́ máa ń jẹ́ ohun tuntun létí, ó máa ń yani lẹ́nu, ó máa ń múni bínú. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó ọwọ́ ni wọ́n ń ra èké. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kò rí fóònù rí, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ wá.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìròyìn tó dùn mọ́ mi nínú ni mo ń bẹ̀rù jù. Bí mo bá ka ohun tó tako èrò mi, mo máa ń di agbẹjọ́rò lójú ẹsẹ̀: ta ló sọ ọ́, ẹ̀rí dà, kí ló kó wọn dé ọ̀rọ̀ náà? Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí n kò fẹ́ràn ni wọ́n ká mọ́ ibi burúkú, mo máa ń gbà á láìbéèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Kí ìròyìn tó ṣègbè tó dé ọ̀dọ̀ mi, èmi fúnra mi ti jókòó tì í tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí àkọlé ìròyìn kan bá mú kí ara mi yá gágá báyìí, tí mo ń sọ nínú ara mi pé "mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀!", ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń gbé fóònù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn fúnra wọn. N kò gbà pé ọ̀kan wà nínú wọn tí kò ní ibi tó fì sí, mo sì rò pé àwọn tó ń wá ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n máa fi ọkàn tán pátápátá ń wá ohun tí kò sọnù. Ohun tó yẹ kí a mọ̀ ni ẹni tó ń bọ́ wọn. Àwọn ará Britain tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń san owó ìwé àṣẹ tí BBC fi ń ṣiṣẹ́, ìjọba Britain sì ń dá owó sí ẹ̀ka rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ sí gbogbo ayé. Ìjọba Qatar ló dá Al Jazeera sílẹ̀ ní 1996 tó sì ń náwó lé e lórí. Owó orí àwọn ará Jámánì ni Deutsche Welle ń ná. Ìjọba Rọ́ṣíà ló ni RT. Àwọn mìíràn wà lọ́wọ́ olówó kan, àwọn mìíràn ń jẹ nínú ìpolówó ọjà. Wọn kò rí bákan náà o, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ mi sódì: iléeṣẹ́ tí òfin fún ní ààyè láti bi ìjọba tó ń sanwó fún un ní ìbéèrè kò jọ èyí tí ìjọba ń gbé ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ohun tí wọ́n dákẹ́ lé lórí ni mo máa ń wá ju ohun tí wọ́n sọ lọ. Al Jazeera lè ṣiṣẹ́ tó péye lórí ogun kan ní ọ̀nà jíjìn. Bí ọ̀rọ̀ bá kan Qatar fúnra rẹ̀, ibòmíràn ni mo máa ń lọ kà á.

Ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń yà báyìí ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà ìròyìn fún àwọn oníròyìn mìíràn. Associated Press ti wà láti 1846, Reuters láti 1851. Ẹ rò ó wò: ìwé ìròyìn tó fẹ́ràn ìjọba ń rà lọ́wọ́ wọn, èyí tó kórìíra ìjọba náà ń rà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ṣègbè jù, oníbàárà kan á lọ. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wọn fi máa ń gbẹ lẹ́nu: ta, ibo, ìgbà wo, mélòó, ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò dùn ún kà. Mo ti wá fẹ́ràn gbígbẹ yẹn.

Àmì kejì tí mo ń wò ni bóyá iléeṣẹ́ kan máa ń jẹ́wọ́ àṣìṣe. Ní oṣù karùn-ún 2004, ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé àwọn ìròyìn kan tí àwọn gbé jáde ṣáájú ogun Iraq, lórí àwọn ohun ìjà tí wọ́n ní Saddam Hussein, olórí Iraq nígbà náà, kó pamọ́, kò rí àyẹ̀wò tó yẹ. Ogun ti jà, ọ̀pọ̀ ti kú. Ìjẹ́wọ́ náà pẹ́, kò sì jí òkú. Síbẹ̀ ẹni tó ń kọ ọ́ sí ìta pé "ibí ni mo ti ṣì í" ni mo lè tún tẹ́tí sí. Àwọn ojúlé tí wọn kì í ṣàtúnṣe rárá, tí ìròyìn kàn ń pòórá lórí wọn bí irọ́ bá tú, n kì í padà síbẹ̀.

Ọgbọ́n tó wúlò jù tí mo kọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ìyẹ̀wò òótọ́ ṣe iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. Sam Wineburg àti Sarah McGrew, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Stanford, fi àwọn onímọ̀ ìtàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àwọn ayẹ̀ròyìnwò síwájú ojúlé ayélujára kan náà. Àwọn onímọ̀ ìtàn àti akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sójú ojúlé náà, wọ́n ń wo bó ṣe dára tó, àmì tó wà lórí rẹ̀, orúkọ ńlá tó ń jẹ́. Àwọn ayẹ̀ròyìnwò kò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Wọ́n jáde, wọ́n lọ béèrè níbòmíràn irú èèyàn tó ni ojúlé náà. Àwọn ló sì yára rí òótọ́ jù. Bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe ìwádìí àna náà nìyẹn: wọn kì í béèrè ìwà ọkọ ìyàwó lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó.

Bí ó bá jẹ́ àwòrán, mo máa ń gbé e lọ sí TinEye tàbí Google Lens kí n mọ ìgbà tó kọ́kọ́ yọjú. Àwòrán ẹja shark kan wà tó ń lúwẹ̀ẹ́ lójú títì tí omi bò. Wọ́n pín in nígbà ìjì Irene ní 2011 pé Puerto Rico ni; nígbà ìjì Harvey ní 2017, ó ti di Houston. Láti inú àwòrán kan tí wọ́n yà nínú òkun South Africa ni wọ́n ti gé ẹja náà. Ní oṣù kẹta 2023 ẹ̀wẹ̀, àwòrán kan fi Póòpù Francis hàn nínú jákẹ́ẹ̀tì funfun ràgàjì kan tí kò wọ̀ rí láyé rẹ̀. Midjourney, ẹ̀rọ tó ń hùmọ̀ àwòrán láti inú ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá tẹ̀ fún un, ló yà á. Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù ni pé àwòrán tí ẹ̀rọ yà kò ní orísun tí èèyàn lè wá kàn, nítorí náà ẹni tó kọ́kọ́ gbé e jáde ló kù tí a ó máa wá.

Àwọn kan á ní: "Gbogbo wọn ni òpùrọ́, kí ni mo ń yọ ara mi lẹ́nu sí?" Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú ju irọ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń purọ́ kò nílò kí o gba òun gbọ́. Bí o kò bá ti gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, ó ti jẹ. Àwọn akọ̀ròyìn kan ń jókòó sí kóòtù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ń ka ìwé ìṣirò owó tó nípọn bí ìrọ̀rí, àwọn kan ti ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan ti kú sẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe òótọ́ pé àwọn àti ẹni tó jókòó sínú yàrá tó ń hùmọ̀ àkọlé jẹ́ ọ̀kan náà. Mo ń sanwó oṣooṣù fún ìwé ìròyìn kan báyìí, nítorí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ owó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àìṣègbè kò túmọ̀ sí pé kí a fún irọ́ àti òótọ́ ní ìjókòó kan náà. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjì ṣì gbọ́dọ̀ dá a. Bí ẹnì kan bá ní òjò ń rọ̀ tí ẹnìkejì ní kò rọ̀, iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni kó ṣí ilẹ̀kùn wo ìta.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ ẹbí wa pé àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ kì í ṣe ti òwúrọ̀ yẹn, mo sì sọ ibi tó ti wá. Ẹni méjì dáhùn. Bàbá àgbà kan nínú ẹbí wa sọ pé òun ti fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mẹ́ta, pé òun kò mọ bí òun yóò ṣe kó o padà. Lẹ́yìn oṣù méjì, àwòrán náà padà wá bá mi láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ ẹbí wa rárá. Ọkùnrin kan náà, ọmọ kan náà léjìká. Orúkọ ìlú mìíràn ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì ní àná ló ṣẹlẹ̀. Mo kọ̀wé sí ẹni náà, mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ọdún wo nìyí?"