Mẹ́séèjì Oníbàárà Ni Kí Ẹ Fi Dán AI Wò Kí Ẹ Tó Tà Á

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀rọ AI tó ń dá oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp, ìbáà jẹ́ fún báǹkì ní Marina tàbí oníṣòwò ní Balógun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìbéèrè tí ẹ ti tò sílẹ̀ láti ilé ṣe àfihàn mọ́. Ìbéèrè tí ẹ ti mọ èsì rẹ̀ kò dán nǹkan kan wò.

Mẹ́séèjì 200 tí àwọn oníbàárà wọn kọ gan-an ni kí ẹ tọrọ lọ́wọ́ báǹkì tàbí oníṣòwò tó fẹ́ ra ẹ̀rọ náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì kúrò, torí òfin ààbò dátà ọdún 2023 wà nílẹ̀. Kí ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn níbẹ̀ kọ èsì tó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ wá dáhùn, kí ẹ jọ fi wéra.

Ẹ óò rí ibi tó ti ń bàjẹ́. Ará Èkó kì í sábà fi àmì sórí Yorùbá, wọ́n á tún da Píjìn àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn mìíràn á fi voice note ránṣẹ́, ariwo dánfó á sì bo ohùn wọn. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n béèrè ọjà tí kò sí nínú àkọsílẹ̀, kí ẹ̀rọ dá iye lé e fúnra rẹ̀. Oníṣòwò ló máa ru àdánù yẹn, kì í ṣe ẹni tó ta ẹ̀rọ fún un, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Inú àkọsílẹ̀ ọjà ni kí ẹ̀rọ ti máa mú iye. Bí kò bá rí i, kó gbé ọ̀rọ̀ náà fún èèyàn.

Ó ku owó. Token, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ kéékèèké tí AI ń kà tó sì ń kọ, ni àwọn iléeṣẹ́ tó ni AI fi ń ṣírò rẹ̀, dọ́là ni wọ́n sì ń gbà. Yorùbá alámì ń jẹ token ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùtajà kì í ṣírò ni pé bí ẹ̀rọ bá fẹ́ dáhùn, ó tún ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti wà lókè, wọ́n sì tún ń gba owó ìyẹn. Oníbàárà 1,000 lójúmọ́, èsì 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, token 2,000 fún èsì kan: mílíọ̀nù 20 nìyẹn. Bí mílíọ̀nù kan bá jẹ́ dọ́là 1, dọ́là 600 ni lóṣù. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí náírà lójú ẹni tó fẹ́ rà á.

Bí ẹ̀rọ bá gba 150 nínú 200, 150 ni kí ẹ kọ sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì to irú ìbéèrè tí 50 yòókù jẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.