Ṣé ìbàdí nìkan là ń wò ni?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin oníròyìn. Ohun tí ẹ kọ nípa tíì tí àwọn obìnrin ń mu kí wọ́n lè fọn dùn mí dé egungun. Àbúrò mi wà lára wọn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀rọ̀bọ̀ ni wọ́n ń pè é kó tó ṣègbéyàwó. Ó pa àmàlà láfún tì, ó gbájú mọ́ tíì, ìgbẹ́ gbuuru lójoojúmọ́. Nígbà tó gbẹ tán, gbogbo ẹbí ń kí i pé ó ti dára sí i. Bẹ́ẹ̀ kò lè gbé garawa omi kan dé ẹnu ọ̀nà mọ́, òòyì á máa kọ́ ọ! Omi ara ni irú tíì bẹ́ẹ̀ ń fà jáde, kì í ṣe ọ̀rá.

Màmá wa ńkọ́? Ara wọn kún, àmọ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ru ẹrù lọ sí ọjà Tákíè láràárọ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn kì í kọjá 120/80, ìyẹn ni pé kò ga. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi lo ara níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ó kéré tán, àtẹni tó sanra àtẹni tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá nọ́ọ̀sì tó máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, kí n lè fi han àbúrò mi.