Ẹ dí àpótí rédíò pinpin, omi á ṣì wọ̀ ọ́

Ẹni tó bá ti ń fi rímóòtù wa ọkọ̀ ojú omi kékeré á ti gbọ́ ìmọ̀ràn yìí: ra sílíkónì, fi dí gbogbo etí àpótí rédíò, ìyẹn àpótí inú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ àti bátìrì rẹ̀ wà, má fi ihò tí abẹ́rẹ́ lè gbà sílẹ̀, omi ò ní wọlé láyé. Àwọn àgbà nídìí eré yìí ń sọ ọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òótọ́. Àpótí tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, tí kò sì lè jáde nínú rẹ̀, á máa fa omi mọ́ra. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nítorí pé owó gidi ni rìsífà (ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ rímóòtù) àti bátìrì, ọ̀pọ̀ ló sì ń bàjẹ́ sínú àpótí tí olówó rẹ̀ rò pé òun ti dáàbò bò dáadáa.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sínú oòrùn létí omi, ẹ ń to irinṣẹ́. Inú àpótí gbóná dé nǹkan bí 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ wá ti ideri mọ́ afẹ́fẹ́ tí ooru ti mú fẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ sórí omi tó wà ní 27. Kò pẹ́, afẹ́fẹ́ tí ẹ há mọ́ inú ibẹ̀ tutù, agbára tó fi ń ti ara àpótí síta sì dín kù ní ìdá 5 sí 6 nínú 100. Ṣé ó kéré lójú yín? Ẹ jẹ́ ká fi omi wọ̀n ọ́n. Fífà yẹn tó agbára tí omi fi ń tẹ nǹkan tí a bá rì sí ìsàlẹ̀ tó lé ní ìdajì mítà, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yín ò wọ omi ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ. Bí ideri bá rọ̀, tó lè tẹ̀ wọnú, á dín fífà náà kù díẹ̀, àmọ́ kò ní mú un kúrò. Rọ́bà tí ọ̀pá ìtọ́kọ̀ gbà kọjá, ojú tí wáyà gbà jáde, etí ideri: èyí tó bá kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì nínú wọn ni omi á gbà wọlé, kódà bó bá jẹ́ pé omi kàn ta sí i ni.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó rọ omi gbígbóná díẹ̀ sínú ike omi, kó gbọ̀n ọ́n, kó dà á nù, kó dé e pinpin, kó wá tẹ ike náà bọ inú abọ́ omi tútù. Lójú rẹ̀ báyìí ni ike á ṣe máa rún wọnú. Oru tó ń rú láti inú omi gbígbóná ló jẹ́ kó le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀nà kan náà ló gbà ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí rédíò.

Àwọn kan á ní, “Tèmi ní IP67, wọ́n ti dán an wò.” IP67 ni àmì tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń dènà eruku àti omi tó. Lóòótọ́, 7 tó wà níbẹ̀ túmọ̀ sí pé wọ́n rì í sínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò yẹn, IEC 60529, sọ pé ooru omi àti ooru ohun tí wọ́n fẹ́ rì ò gbọ́dọ̀ fi ju 5 lọ síra wọn lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tó ti inú oòrùn bọ́ sómi gan-an ni ìdánwò náà yọ sílẹ̀.

Sílíkónì fúnra rẹ̀ tún ní tiẹ̀. Èyí tó ń rùn bí ọtí kíkan nígbà tó bá ń gbẹ ń tú ásíìdì jáde, ásíìdì náà a sì máa jẹ bàbà. Bí ẹ bá fi ṣiṣẹ́, tí ẹ dé àpótí kó tó gbẹ tán, orí wáyà àti ojú ìdè (ibi tí wáyà ti ń so pọ̀) inú ibẹ̀ ni á lọ bà lé. Èyí tí wọ́n kọ “neutral cure” sí lára, tí kì í tú ásíìdì yẹn jáde, ni kí ẹ rà.

N kò ní kí ẹ ṣí àpótí sílẹ̀ gbayawu o. Ideri gbọ́dọ̀ ní rọ́bà yí ká, ó sì gbọ́dọ̀ dènà omi tó ń ta. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí afẹ́fẹ́ ní ọ̀nà tiẹ̀. Ẹ lu ihò kékeré sí ibi tó ga jù lára àpótí, kí ẹ lẹ awọ PTFE (irú ike kan) tí wọ́n nà mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ ń gba inú awọ yìí kọjá, omi kì í gbà á. Irú rẹ̀ ló wà lára iná iwájú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Bí ẹ ò bá rí i rà, páìpù rọ́bà tín-ín-rín tó dúró sókè, tí ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀, á ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ tí kì í sáré púpọ̀. Tí ọkọ̀ bá dojú dé, páìpù yẹn ò ní gbà yín. Awọ náà ni mo fara mọ́. Kí ẹ sì jẹ́ kí inú àpótí tutù lábẹ́ ìbòòji kí ẹ tó dé e.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣe é bí ẹni tó mọ̀ pé omi á wọlé lọ́jọ́ kan. Ẹ lẹ rìsífà mọ́ ògiri àpótí lókè, má ṣe jẹ́ kó sùn sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ kun ún, kí ẹ yẹra fún ojú ìdè rẹ̀. ESC (ẹ̀rọ tó ń darí ìyára mọ́tò ọkọ̀) tó ń lo omi láti tutù kò yẹ kó wà nínú àpótí yìí rárá: bí páìpù rẹ̀ bá yọ, omi á máa rọ́ sínú ibi tí kò ti lè jáde. Ẹ fa ẹnu ẹ̀ríà, wáyà tí rìsífà fi ń gba àṣẹ, sókè kọjá ojú omi, torí pé omi ń gbé ìgbì rédíò 2.4 GHz tí rímóòtù ń lò mì.

Ọ̀pọ̀ omi tí ẹ ń bá nínú ọkọ̀ pàápàá ò gba ara àpótí wọlé. Páìpù tí ọ̀pá ìyípo, èyí tó ń yí àjẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, gbà jáde ló gbà wọlé, gírísì tó yẹ kó dí i ti ṣan lọ. Ẹ máa fi gírísì tuntun sí i lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá ti gbé ọkọ̀ kúrò lómi, ẹ ṣí ideri lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó kó o sínú búùtù. Bó bá jẹ́ ọ̀sà Èkó lẹ ti wa ọkọ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i, tí omi náà sì ti wọ inú àpótí, ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan inú àpótí náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí títí á fi gbẹ pátápátá.