Òkú Bátìrì Tí Wọ́n Wọ̀ Láṣọ Tuntun

Inú ń bí mi, n kò sì ní fi bò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, iná lọ ní àdúgbò wa ní Bàrígà, kọ̀ǹpútà mi sì kú mọ́ mi lójú pẹ̀lú ojú-ìwé mọ́kànlá tí mo ti ń tẹ̀ láti ìdájí fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Akọka, bẹ́ẹ̀ UPS, àpótí tó ń fi bátìrì gbé kọ̀ǹpútà nígbà tí iná bá lọ, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bátìrì tí mo rà ní ₦22,000 ní ọjọ́ Àbámẹ́ta sì wà nínú UPS náà. Ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákẹ́, gbogbo rẹ̀ sì ṣókùnkùn kí ọwọ́ mi tó dé ibi tí mo ti máa fi iṣẹ́ náà pamọ́. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa bi mí pé kí ló dé tí n kò fi ń fi í pamọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ó yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdí tí èèyàn fi ń ra UPS gan-an nìyẹn, kí ọkàn rẹ̀ lè wà níbi iṣẹ́ dípò kí ó máa wà níbi wáyà iná.

N kì í béèrè ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ yìí. UPS tèmi jẹ́ 650VA, irú èyí tó wọ́pọ̀ lábẹ́ tábìlì àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà jẹun nílé, bátìrì kan ṣoṣo ló sì ń lò, 12V ni agbára rẹ̀, 7Ah sì ni iye iná tó ń gbà pamọ́. Kò sí ẹni tó ní kí ó gbé fáànù tàbí fíríìjì. Kọ̀ǹpútà mi àti ojú rẹ̀ kò jẹ ju nǹkan bíi wáàtì 120 lọ, bátìrì tó bá pé sì lè gbé wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá dáadáa, èyí tó tó fún mi láti parí gbólóhùn tí mo wà lórí rẹ̀, kí n fi iṣẹ́ pamọ́, kí n sì pa kọ̀ǹpútà wọ́ọ́rọ́wọ́, tàbí kí ọmọ mi jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo fi owó rà.

Bátìrì àkọ́kọ́, tó bá UPS náà wá lọ́dún 2021, lò ju ọdún mẹ́ta lọ, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Irú bátìrì òjé tí wọ́n dì pa báyìí, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n máa ń kà fún un níbi tí ooru kò bá ti ju nǹkan bíi 25°C lọ, bí ooru bá sì fi nǹkan bíi 10°C lé sí i, ẹ̀mí rẹ̀ á dín sí ìdajì. Yàrá ta ni ó ń wà ní 25°C ní Bàrígà nínú oṣù Ẹrẹ́nà? Ẹ tún wá fi iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kún un, nítorí gbogbo ìgbà tí bátìrì bá gbẹ tán pátápátá ló ń pàdánù díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ tí kì í padà wá mọ́. Àdúgbò wa kò sí lára àwọn Band A tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Nítorí náà, nígbà tí bátìrì àkọ́kọ́ yẹn kú, n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn rẹ̀ ni n kò lè gbé mì.

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí mo gbé UPS náà lọ, nítòsí òpópónà Ọ̀tígbà ní Computer Village, Ìkẹjà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà á kò tíì tú u tán tó fi sọ pé bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jó, pé kí n san ₦35,000. Mo bi í pé níbo ló ti jó. Ó fi ìka kan ibì kan, ó ní, “Mọ́mì, ẹ wò ó.” N kò rí ju eruku lọ, mo bá gbé ẹrù mi. Aládùúgbò mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ iná ló fi mítà rẹ̀ wọn bátìrì náà nílé, ohun tó yẹ kí ó lé ní 12V ti di 4V. Kò sí nǹkan kan tó ṣe bọ́ọ̀dù rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo padà lọ fún bátìrì nìkan. Ẹni tó bá mọ ọjà yẹn mọ̀ pé kí èèyàn tó sọ̀kalẹ̀ nínú kòròpe tán, ẹni mẹ́ta ti máa dì í lọ́wọ́ mú pé kí ló fẹ́ rà. Mo yẹra fún gbogbo wọn, mo wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì, nítorí mo rò pé ẹni tó ní ilẹ̀kùn kò ní lè sá lọ. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn níwà. Ó fún mi ní àga, ó gbé bátìrì kan wá tí lébẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ funfun báláú, ó sì fi mítà lé e lójú mi, 12.8V. “Mọ́mì, ṣé ẹ rí i? Orígínà ni. Ẹ fi sínú iná di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ṣàdúrà fún un. Àdúrà yẹn ń dùn mí ju owó lọ títí di ìsinsìnyí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀tàn tó wà nínú 12.8 yẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni olè fara pamọ́ sí. Bátìrì tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lójú ṣájà lè fi 12.8 hàn lórí mítà bí inú rẹ̀ tilẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí pé mítà kò gbé ẹrù kankan lé e. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wo ìdúró alábàárù, tó sì sọ pé ó lè gbé àpò sìmẹ́ńtì, láì tíì gbé nǹkan kan lé e lórí. Ẹrù ló ń tú àṣírí bátìrì. Mẹkáníìkì kan tí mo mọ̀ ní Ṣómólú kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lórí rẹ̀. Ó mú gílóòbù iwájú ọkọ̀, tí í ṣe wáàtì 55, ó so ó mọ́ bátìrì náà, ó sì fi mítà lé e. Bátìrì 7Ah tó yè yẹ kí ó tan gílóòbù yẹn fún bí wákàtí kan tàbí kí ó dín díẹ̀. Tèmi tàn yòò, ó pọ́n, ó ń kú lọ, mítà sì já wálẹ̀ sí 8V kí a tó ka ogún. Ọkùnrin náà wò mí, ó ní, “Màmá, òkú ni wọ́n tà fún yín.” Lẹ́yìn náà ló fi èékánná ká igun lébẹ́ẹ̀lì funfun yẹn sókè. Lébẹ́ẹ̀lì mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀, tó ti gbó tó ti pọ́n, ibi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sí lára ike rẹ̀ sì ni wọ́n ti fi ohun mímú ha kúrò pátápátá.

Mo padà síbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú rìsíìtì mi. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà, tí n kò rí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kọ́kọ́ sọ pé iná ilé mi ló ba bátìrì náà jẹ́. Nígbà tí mo fi lébẹ́ẹ̀lì méjèèjì hàn án, ó ní èmi ni mo ya á. Nígbà tí mo wá ní kí a so gílóòbù mọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó tò sórí pẹpẹ rẹ̀, kí ojú gbogbo wa jọ rí i, ó gbé ohùn sókè, “Màmá, ẹ ò lè dán ọjà mi wò bẹ́ẹ̀, ẹ máa bà á jẹ́.” Oníṣu ní Oyingbo ń jẹ́ kí n fi èékánná họ iṣu rẹ̀ wò. Aláṣọ ní Balógun ń jẹ́ kí n gbé aṣọ rẹ̀ síta sínú oòrùn. Bí gílóòbù ìṣẹ́jú márùn-ún bá lè ba bátìrì jẹ́, kí ni wọ́n ní kí n wá fi gbé kọ̀ǹpútà? Ọkùnrin yẹn kò kọ ìdánwò nítorí pé kò mọ ohun tó wà nínú ọjà rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dájúdájú, ìdí tó fi kọ̀ ọ́ nìyẹn, ohun tó sì ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ rìsíìtì fún mi, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn kì í gba ọjà tí àwọn ti tà padà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà fún ẹni tó bá ra ọjà tó lábùkù ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní kí n lọ pe òfin náà wá, àwọn tó jókòó tì í sì ń rẹ́rìn-ín.

Gbogbo wa la sì mọ ibi tí àwọn òkú bátìrì yìí ti ń wá. Àwọn tó ń ti ọmọlanke káàkiri àdúgbò, tí wọ́n ń ké “kọ̀ńdẹ́mù bátìrì!”, ló ń rà wọ́n lọ́wọ́ wa ní owó pọ́ọ́kú. N kò bá wọn jà, nítorí orúkọ tó ń jẹ́ gan-an ni wọ́n fi ń pè é. Ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú rẹ̀ ló yẹ kí ó gbà lọ, ṣùgbọ́n ẹnìkan ń dá a dúró lójú ọ̀nà, ó ń nù ún, ó ń fi ṣájà jí i fún wákàtí mélòó kan, ó ń lẹ bébà tuntun mọ́ ọn, ó sì ń gbé e wá sí iwájú obìnrin tó ti wọ ọkọ̀ méjì láti Bàrígà.

Àwọn kan ti ní kí n gbàgbé UPS, kí n lọ ra láptọ́ọ̀pù. Bí mo bá ní owó láptọ́ọ̀pù, n kì bá ti máa tẹ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan fún ọmọ ilé-ìwé ní ìdájí.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà dé ní aago mẹ́rin ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo dá ìdajì owó rẹ̀ padà fún un, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì fi òru ọjọ́ yẹn tún ojú-ìwé mọ́kànlá náà tẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀. Bátìrì náà wà lórí tábìlì mi níhìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò ní tà á fún ọlọ́mọlanke, kí ẹlòmíràn má baà tún rà á ní ₦22,000. Ní ọjọ́ Ajé ni mo máa gbé e padà, pẹ̀lú rìsíìtì, pẹ̀lú gílóòbù iwájú ọkọ̀ nínú báàgì mi, n kò sì ní kúrò níbi ilẹ̀kùn gíláàsì yẹn títí wọ́n á fi so gílóòbù náà mọ́ bátìrì mìíràn lójú mi, kí ó tàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí kí wọ́n ka owó mi lé mi lọ́wọ́.