Ṣé Kí A Yá Owó Ṣe Kérésìmesì, àbí Kí A Jẹ́ Kí Ó Kọjá?

Ìyá Ìdòwú (Àjàṣẹ́)
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ méjì, owó tí ó sì wà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn tí mo ti yọ owó ilé àti owó ọjà sọ́tọ̀ kò ju 18,000 sẹ́fà lọ. Ata àti tòmátì ni mo ń tà ní ọjà Wàǹdó, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọkọ mi ń fi alùpùpù gbé èrò, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí epo kpayo (epo fàyàwọ́) tí ń ti ọ̀hún wọlé sì ti gbówó lórí, èrè ọwọ́ rẹ̀ kò bá ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ìyá kan ládùúgbò wa ní òun yóò yá mi ní 50,000, kí n máa san 5,000 èlé ní oṣooṣù títí n ó fi dá odindi owó náà padà. Àwọn ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n ti mọ ohun tí à ń pè ní ọdún, àbúrò wọn náà sì ti ń béèrè. Inú mi ń dùn pé ọdún ń bọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Ṣé kí n gba owó náà, àbí kí n jẹ́ kí ti ọdún yìí kọjá bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ Kétu
Ìyá Ìdòwú, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba owó náà. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò ó. Bí ẹ bá gba 50,000 ní oṣù Kejìlá, tí ẹ kò sì rí odindi rẹ̀ dá padà títí di oṣù Kẹfà, èlé nìkan yóò ti di 30,000, gbogbo owó tí ẹ kọ́kọ́ gbà yóò sì tún wà nílẹ̀ síbẹ̀. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní ilẹ̀ wa ti kúrò ní 40,000 tí ó di 52,000. Èyí ni pé ohun tí ìyá yẹn fẹ́ kó lé yín lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó làálàá oṣù kan gbáko fún ẹni tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, a ó sì jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ Kérésìmesì.

Olùkọ́ ni mí, mo sì mọ ohun tí ojú mi máa ń rí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bá wọlé ní oṣù Kìn-ín-ní. Ọmọ yóò wọ bàtà ọdún tí ó ń dán wá sí kíláàsì, kò sì ní ní ìwé tí yóò kọ nǹkan sí, nítorí pé owó ìwé ti bá bàtà lọ. Ìhìnrere Lúùkù, orí 2, ẹsẹ 24, sọ fún wa pé nígbà tí wọ́n gbé Jésù lọ sí Tẹ́ńpìlì, ẹbọ àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì ni àwọn òbí rẹ̀ lọ rú. Ìwé Léfítíkù, orí 12, ẹsẹ 8, sì fi yé wa pé ẹbọ ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ọ̀dọ́ àgùntàn nìyẹn. A kò kà á níbì kankan pé wọ́n yá owó ra àgùntàn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Aránṣọ Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, mo kúnlẹ̀ kí yín, ṣùgbọ́n n kò lè gbà pẹ̀lú yín pátápátá. Òwe eku àti ìtẹ́ yẹn rọrùn lẹ́nu ẹni tí owó oṣù ń wọlé fún. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, owó iṣu ti máa ń tán kí oṣù Kejìlá tó dé, kajú kò sì ní í bẹ̀rẹ̀ sí í já títí di nǹkan bí oṣù Kejì, nítorí náà àárín ìyàn owó gan-an ni Kérésìmesì máa ń bọ́ sí fún wa lọ́dọọdún. Bí a bá ní kí a dúró dìgbà tí owó bá wà kí a tó ṣe ọdún, a kò ní í ṣe é láéláé.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ mi. Oṣù Kejìlá ni mo fi ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Bí gbogbo yín bá ní ẹ kò rán aṣọ mọ́, kí ni èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́rin yóò jẹ? Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan ń yà sọ́dọ̀ wa lójoojúmọ́ bí wọ́n bá jáde ilé ìwé. Aṣọ rẹ̀ wà lórí ìṣó lára ògiri, àǹkárá aláwọ̀ ewé tí a fi léèsì funfun sí lọ́rùn. Kì í sọ̀rọ̀. Yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan apá aṣọ náà, kí ọwọ́ tí ó ti dọ̀tí má baà bà á jẹ́, yóò sì máa lọ. Ìyá rẹ̀ kò rí owó ìránṣọ mú wá títí ọdún fi kù ọ̀la. Mo kó aṣọ náà fún un láwìn, owó kajú ni ó fi san án ní oṣù Kẹta. Ṣé àìdára ni èyí? Ọmọdé kì í gbàgbé irú rẹ̀.

Olùkọ́ Kétu
Àbúrò mi, oore ni ẹ ṣe, Ọlọ́run yóò sì san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ kò gba èlé lórí àwìn yẹn. Ẹni tí ń gba 5,000 lóṣooṣù lọ́wọ́ aláta yàtọ̀ sí yín.

Ọmọ Kétu ní Kútọnu
Ẹ̀yin àgbà, mo tọrọ àyè kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Ọjà ni mo ń kó lọ sí ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, iṣẹ́ mi dẹnu kọlẹ̀, nígbà tí Kérésìmesì ọdún náà sì dé, ojú tì mí láti lọ sí Kétu lọ́wọ́ òfo. Mo pa fóònù mi. Mo rò pé bí n kò bá lọ, ìyá mi yóò ṣe ọdún tirẹ̀ ní ìwọ̀nba.

Ìgbà tí mo délé ní Àjíǹde ni àbúrò mi obìnrin tó sọ bí ó ti rí. Ní òwúrọ̀ Kérésìmesì, kí àwọn ará àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáná, ìyá wa fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn, ó mú àbúrò mi, ó di oko. Iṣu sísun ni wọ́n jẹ lọ́hùn-ún, wọn kò sì padà títí ilẹ̀ fi ṣú. Kì í ṣe pé ebi ni ìyá wa ń sá fún. Àwo oúnjẹ tí àwọn aládùúgbò yóò gbé wá ni ó ń sá fún, nítorí pé kò ní ohun tí yóò bù sí i kí ó tó dá a padà. Nígbà tí wọ́n dé, àwo mẹ́ta wà lórí pèpéle lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n. Ìjàlọ ti bo ìrẹsì inú wọn. Àbúrò mi ní ìyá wa jókòó ti àwọn àwo náà fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó dìde lọ fọ̀ wọ́n.

N kò lè sọ pé kí Ìyá Ìdòwú yá owó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó kàn jẹ́ kí ọdún kọjá, bí ẹni pé ohun tó rọrùn ni. A ti gbìyànjú rẹ̀ wò ní ilé tiwa.

Aránṣọ Ṣábẹ̀ẹ́
Omi bọ́ lójú mi. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ gan-an ni ẹ fọwọ́ kàn yìí. Àwọn ọmọ ni a máa ń tọ́ka sí bí a bá fẹ́ jẹ gbèsè ọdún, ṣùgbọ́n àwo tí ó wọlé tí a kò fẹ́ kí ó jáde lófìfo, òun ni ó ń lé púpọ̀ nínú wa lọ sọ́dọ̀ olówó èlé. Ọmọ yóò jẹ itan adìyẹ kan, yóò sì yó. Ìkòkò ìrẹsì tí a óò bù fún ilé mẹ́wàá ni kì í kún.

Ọmọ Àlàájì (Àjàṣẹ́)
Mùsùlùmí ni mí, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Ní Àjàṣẹ́ wa yìí, kò sí bí ẹ ó ṣe ya ìdílé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mọ́sáláṣí ńlá wa pàápàá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1912, àwọn ọmọ Àgùdà tó ti Bràsíìlì dé ló fún un ní ìrísí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n mọ̀ lọ́hùn-ún, ara wa sì ti mọ́ ọn tí ẹnikẹ́ni kò fi béèrè ìdí rẹ̀. Bákan náà ni oúnjẹ. A máa ń gba ti Kérésìmesì lọ́wọ́ yín, ẹ sì máa ń gba ẹran Iléyá lọ́wọ́ wa.

Mo fẹ́ kí Ìyá Ìdòwú mọ ohun kan láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń gba àwo. Ní ọdún kan, ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ onígbàgbọ́ ní ìta wa kò gbé ìrẹsì fún wa. Àkàrà ni ó dín láàárọ̀, gbígbóná, ó gbé márùn-ún fún ilé kọ̀ọ̀kan, ó ní ẹ kú ọdún. Títí di òní, bí Kérésìmesì bá ti ń bọ̀, àkàrà yẹn ni àwọn ọmọ ilé wa ń béèrè. Kò sí ẹni tó ń ṣírò ohun tí ẹ bù wá bí ẹ ti ń rò ó yẹn, ẹ̀yin ìyá.

Ọmọ Ìjọ Mímọ́
Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà tí àwa ń gbà ṣe é. Láti ìgbà tí Wòlíì Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1947, aṣọ funfun kan náà ni olówó àti tálákà ń wọ̀, a kì í sì wọ bàtà sí i. Ní alẹ́ àìsùn Kérésìmesì, bí ẹ bá dúró ní etíkun Sẹ̀mẹ̀ tí ẹ wo ogunlọ́gọ̀ ènìyàn nínú iyanrìn, ẹ kò ní í mọ ẹni tó jẹ gbèsè yàtọ̀ sí ẹni tí kò jẹ. Ìyá Ìdòwú, ẹ lọ sí ìsìn, ẹ mú àwọn ọmọ dání. Ọdún ti dé nìyẹn.

Ìyá Alájọ (Àjàṣẹ́)
Ọmọ mi, òtítọ́ ni ẹ sọ nípa aṣọ funfun, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń rán òun náà, owó ni a sì fi ń wọ ọkọ̀ dé Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Mo ń gba àjọ ní Wàǹdó, mo sì mọ bí owó ṣe ń rìn lọ́wọ́ àwa obìnrin. Ẹni tí ó bá ń dá 100 sẹ́fà lójúmọ́, ojú ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó wà lórí káàdì rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti èmi alájọ, 3,000 sì jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá ṣe é fún oṣù mọ́kànlá láìkó o, 33,000 ni yóò gbà ní ìparí oṣù Kọkànlá, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ fún èlé. Mo mọ̀ pé kò ran ti ọdún yìí lọ́wọ́, ó sì ń dùn mí láti sọ ọ́ fún ẹni tí ara ń ni nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ẹ wá gba káàdì lọ́wọ́ mi ní oṣù Kìn-ín-ní. Kí ẹ sì má ṣe bí àwọn kan tí wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ jẹ tán lọ́jọ́ ọdún, tí wọ́n ń padà wá bá mi ní ọjọ́ kẹta oṣù Kìn-ín-ní pé kí n yá wọn ní owó ilé ìwé.

Ọmọ Kétu ní Kútọnu
Ìyá Ìdòwú, kí ni bàbá àwọn ọmọ wí sí i?

Ìyá Ìdòwú (Àjàṣẹ́)
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Bàbá wọn ní ohun tí mo bá fọwọ́ sí ni òun fọwọ́ sí, èyí kò sì mú ẹrù náà fúyẹ́ fún mi. Mo fi ọ̀rọ̀ yín sùn lánàá. Ìtàn àwo mẹ́ta yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé èmi náà ti ń rò ó pé kí n kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú ìyá mi lọ́jọ́ náà kí n lè ti ilẹ̀kùn.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àsìkò Kaleta nìyí, tí àwọn ọmọdé máa ń fi páálí ṣe ìbòjú, tí wọ́n ń lu agolo, tí wọ́n ń jó láti ojúlé dé ojúlé kí a lè fún wọn ní ẹyọ owó. Àwọn ìbejì mi wà nínú ẹgbẹ́ kan. Lánàá, nígbà tí mo ń tẹ́ ẹní, mo rí agolo mílíìkì kan lẹ́yìn àpótí, wọ́n fi aṣọ dí ẹnu rẹ̀. 675 sẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń fi ra suwíìtì ni. Kẹ́hìndé ní rárá, pé àwọn ń tọ́jú rẹ̀ fún adìyẹ ni, nítorí pé wọ́n gbọ́ nígbà tí èmi àti bàbá wọn ń sọ̀rọ̀ lóru. N kò mọ̀ pé wọn kò tíì sùn.

N kò ní í gba owó náà. Mo ti lọ sọ fún ìyá yẹn ní òwúrọ̀ yìí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Adìyẹ kan la ó pa. N ó rẹ ẹ̀wà ní alẹ́ àìsùn, n ó sì dín àkàrà láàárọ̀ fún àwọn aládùúgbò. Ata wà lọ́wọ́ mi, n kò ní í rà á. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí díẹ̀ bí ilé àwọn àna mi yóò ṣe wò ó, n kò ní í purọ́. Ti aṣọ nìkan ló kù. Aṣọ tí mo rán fún Táyé àti Kẹ́hìndé ní ọdún tó kọjá kò tíì gbó, ṣùgbọ́n ó ti wọ orúnkún kọjá sókè. Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan kan wà tí ènìyàn lè ṣe sí i nílé?

Aránṣọ Ṣábẹ̀ẹ́
Ó wà, ìyá mi. Ẹ yí inú aṣọ náà síta kí ẹ wo ìṣẹ́tí rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí èyí tí wọ́n ṣẹ́ sínú bá tó ìka mẹ́ta ní fífẹ̀, ó tó. Ẹ fi abẹ tú òwú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má fà á. Ẹ wọ́n omi sí ojú ilà tí ìṣẹ́po àtijọ́ bá fi sílẹ̀, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ láti inú wá, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣẹ́ ẹ padà ní ìwọ̀n ìka kan péré, kí ẹ sì fi ọwọ́ rán an. Bí ilà náà bá ṣì hàn, ẹ ya àwòrán rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi lónìí. Mo ní léèsì funfun díẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́la yóò bá mi gbé e wá fún yín.