Kíláàsì tó dákẹ́ rọ́rọ́ kọ́ ni ẹ̀rí pé olùkọ́ mọṣẹ́

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá kan tí wọ́n ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rí, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, dìde. Wọ́n ní àwọn kò mọ ìdí tí wàhálà fi pọ̀ tó báyìí lórí bí a ṣe ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣe T.P. (ìkọ́ni tí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ máa ń wá fi dánra wò nílé-ẹ̀kọ́) ní máàkì. Wọ́n ní kí èèyàn ṣáà ti yọjú sí kíláàsì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: bó bá dákẹ́ rọ́rọ́, tí àwọn ọmọ ń nawọ́, olùkọ́ yẹn mọṣẹ́, bí ariwo bá wà níbẹ̀, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ni wọ́n bá fi òwe dè é, pé ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́.

Èmi ò pàtẹ́wọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà, wọ́n ṣiṣẹ́ ìlú, iṣẹ́ wọn sì fojú hàn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́, ó sì ti sú mi láti máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbà inú òwe jókòó. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì jókòó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ gan-an. Ìjagun tó wà nítòsí wa níbí ni yunifásítì ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí ní 2005, wọ́n sì fi orúkọ Tai Solarin sọ ọ́, ọkùnrin tó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Ẹ̀ka tó ń kọ́ olùkọ́ tún wà ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè. Bí àsìkò T.P. bá tó, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, tàwọn ti lẹ́sìn nóòtì lábẹ́ apá. Fún ẹni tó ń ṣe NCE, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, odidi sẹ̀mẹ́sítà kan ni, kírẹ́dítì 6 ló sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ kò lè gba ìwé-ẹ̀rí. Ohun tó wúwo tó báyìí la wá fẹ́ máa fi ìdákẹ́jẹ́ wọ̀n.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ìṣirò, tí wọ́n sì ń fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí sábẹ́ mi. Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kí sùpàfáísọ̀, ẹni tó ń wá fún wọn ní máàkì, tó wọlé. Fóònù á ti dún: “Wọ́n ti kúrò lọ́dọ̀ wa o, ọ̀dọ̀ yín ló kàn.” Ká tó wí ká tó fọ̀, pátákó ti mọ́, káàdì aláràbarà ti wà lára ògiri, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ láná ni wọ́n sì tún ń kọ́ lónìí bí ẹni pé wọn ò gbọ́ ọ rí. Àwọn ọmọ ti gba àṣẹ. Gbogbo yín ẹ nawọ́ nígbàkígbà tí mo bá béèrè ìbéèrè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọwọ́ òsì. Sùpàfáísọ̀ á rí ọwọ́ lókè níwájú lẹ́yìn, wọ́n á mi orí, wọ́n á kọ máàkì. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló máa rí régbérégbé (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) kan lọ́jọ́ ọdún Ojúde Ọba, nínú aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀, tó máa sọ pé òun ti mọ ohun tí wọ́n ń jẹ nílé?

Èyí tó fojú hàn jù lójú mi ni ti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ JSS 1 ní àròpọ̀ ìdá. Ó múra dáadáa, ohùn rẹ̀ já gaara, pàṣán sì wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó kọ 1/2 + 1/3 sójú pátákó, ó ṣe é dé 5/6 láìṣì ibì kankan, ó wá yíjú sí wọn: “Ṣé ó yé yín?” “Ó yé wa, Ṣà!” Sùpàfáísọ̀ yẹ lẹ́sìn nóòtì wò, wọ́n yìn ín, wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, wọ́n jáde kí aago tó lù. Wọn ò bi ọmọ kan ní nǹkan kan. Máàkì tí wọ́n fún un pọ̀ gan-an.

Nígbà tí mo gba kíláàsì náà padà, ìbéèrè kan náà ni mo kọ, mi ò yí nọ́ńbà kan padà. Mo ní kí oníkálukú ṣe é sínú ìwé rẹ̀, mo wá ń rìn láàárín bẹ́ǹṣì. 2/5. 2/5. 2/5. Ọmọ kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fi rúlà fa ìlà méjì sábẹ́ 2/5 tirẹ̀, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní báwo ló ṣe ṣe é. “Mà, mo ro òkè mọ́ òkè, mo ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀.” Mo bi í pé tí mo bá fún un ní ìdajì búrẹ́dì, tí mo tún wá fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un, ṣé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè kéré sí ìdajì? Ó ní rárá. Mo ní 2/5 ńkọ́, ṣé ó tó ìdajì? Ó wo ìwé rẹ̀, ó wò mí, ẹ̀rín náà lọ. Kò sẹ́ni tó tíì bi í nírú ìbéèrè yẹn látìgbà tí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rù ló pa kíláàsì yẹn lẹ́nu mọ́. Ìdí mìíràn tún wà: ọmọ tí nǹkan ò yé rárá kì í ní ìbéèrè tó máa béèrè.

Lọ́dún mìíràn, ọ̀dọ́bìnrin kan kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà. Ó pín ìwé pélébé fún wọn, ó ní kí wọ́n ká a sí ọ̀nà mẹ́fà, kí wọ́n kun ìdajì rẹ̀, kí wọ́n wá kun ìdá kan nínú mẹ́ta. Àríyànjiyàn sọ. “Ìyẹn kọ́ ni ìdajì!” “Kà á padà!” Sùpàfáísọ̀ kọ ọ́ pé kò lè ṣàkóso kíláàsì. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló gbà á, àmọ́ nígbà tí mo yẹ ìwé wọn wò, 5/6 ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn kan sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé kíká náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn wọn. Máàkì tirẹ̀ kò tó ti ọ̀dọ́kùnrin yẹn rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìrírí èmi nìkan nìyí, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Michael Strong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní 2011. Wọ́n wá àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti mọ̀ bóyá ọwọ́ wọn ń gbé èsì ìdánwò àwọn ọmọ sókè tàbí kò gbé e. Wọ́n fi fídíò àwọn olùkọ́ náà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni han àwọn adájọ́, tó fi mọ́ àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀kọ́. Ìbéèrè wọn rọrùn: ta ló mọṣẹ́ nínú wọn, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n dán an wò, wọ́n sì ń mú un rọrùn sí i fún àwọn adájọ́ nígbà kọ̀ọ̀kan. Àwọn adájọ́ kò rí i. Bí ẹni náà ti wù kó pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́, ojú rẹ̀ kò lè yọ olùkọ́ tó mọṣẹ́ kúrò lára ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa rèé: àwọn adájọ́ yẹn fohùn ṣọ̀kan. Ẹni tí èyí pè ní olùkọ́ rere, òun náà ni tọ̀hún ń pè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé “gbogbo wa la mọ olùkọ́ tó dáa tá a bá ti rí i,” mo gbà pé gbogbo wọn máa tọ́ka sí ẹnì kan náà. Ìyẹn ò sọ pé ẹni náà mọṣẹ́. Lójú tèmi, àmì kan náà ni gbogbo wọn ń wò: ìrísí, ohùn, ìdákẹ́jẹ́, bí ara ṣe yá a tó. Ìwádìí náà rí i pé àwọn ohun pàtó kan wà nínú bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni tó ń tọ́ka sí òótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn ní láti dìídì wò wọ́n ni. Ìrísí gbogbo gbòò kò lè fi wọ́n hàn.

Ti Dókítà Fox tún wà. Ní 1970, wọ́n gba òṣèré kan, Michael Fox, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ ọ̀mọ̀wé, wọ́n ní kó wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn dókítà àti àwọn elétò ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí ni wọ́n kọ́ ọ láti sọ, àmọ́ wọ́n ní kó fi ọ̀yàyà àti ẹ̀rín sọ ọ́. Àwọn 55 tó gbọ́ ọ tàbí tó wo fídíò rẹ̀ ló fún un lésì, èyí tó pọ̀ jù nínú èsì náà sì dára. Àgbàlagbà ni wọ́n, ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, wọ́n sì jókòó títí ó fi parí. Ẹ wá ń sọ fún mi nípa ẹni tó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìwádìí MET tí àjọ Gates náwó lé lórí, èyí tó wo bí 3,000 olùkọ́ ní Amẹ́ríkà tó sì parí ní 2013, sọ pé ẹnì kan ṣoṣo tó wo ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kò ṣeé gbára lé. Wọ́n ní tí ẹni ọ̀tọ̀ bá wá wo olùkọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì, ó dára ju kí ẹni àkọ́kọ́ tún padà wá lọ. Ofsted tó ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti jáwọ́ nínú fífún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 2014. Àní Dwight Allen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ máíkírò-tíṣìn, ìkọ́ni oníṣẹ́jú díẹ̀ fún ìdánrawò, ní 1963, kò fi ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Kọ́ni díẹ̀, gba àtúnṣe, tún un kọ́: ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan á ní ariwo kì í jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ẹ̀kọ́. Ta ló bá wọn jiyàn? Ariwo àríyànjiyàn lórí ìdá àti ariwo ìjà kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tó bá wọlé jókòó á mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Àwọn mìíràn á ní epo ti wọ́n, ilé-ẹ̀kọ́ tí sùpàfáísọ̀ máa dé lọ́jọ́ kan pọ̀. Mo mọ̀. Ìyẹn kò sọ máàkì tí kò tọ́ di èyí tó tọ́.

Mo gbà pé àwọn olùkọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ìwádìí Strong àti MET wò, kì í ṣe àwọn tó wà lẹ́nu T.P., mo sì gbà pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá lè hàn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn yẹn ò pọ̀.

Sùpàfáísọ̀ tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kó jókòó láti aago dé aago. Kó gba ìwé ọmọ mélòó kan lẹ́yìn kíláàsì, kó má sì jẹ́ kí olùkọ́ bá a yàn wọ́n. Kó bi ọmọ tí kò nawọ́, tàbí èyí tó na ọwọ́ òsì. Kó bi olùkọ́ kíláàsì tó ń wo akẹ́kọ̀ọ́ náà lójoojúmọ́, torí pé àwa là ń rí i lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà kejì, kí ẹlòmíràn wá, kí wọ́n má sì ṣe tẹ fóònù síwájú.

Olùkọ́ kíláàsì náà lè bẹ̀rẹ̀ láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni: ìbéèrè kan ṣoṣo lórí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, abala ìwé kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn. Èmi máa ń kó tèmi jọ, mo sì máa ń fi lé sùpàfáísọ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Àwọn kan ń gbà á, wọ́n ń kà á. Àwọn tó kọ̀ ọ́, mo máa ń bá wọn dé ìdí mọ́tò.